Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń lọ jíìmù, kí ló dé tá a kì í fẹ́ ṣe eré ìdárayá ti àyà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adùnní_Bódìjà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n wà níbí. Mo ń lọ jíìmù kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, jíìmù yẹn dáa, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í já wọn kulẹ̀, àmọ́ ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé tí obìnrin bá ti wọlé báyìí, kóòṣì á darí ẹ̀ síbi ti ìdí àti itan àti ikùn, squat lónìí, hip thrust lọ́la, tó bá ṣe tán kó lọ máa rìn lórí tírẹ́dímíìlì. Ọ̀ọ́kán níbi tí wọ́n to bẹ́ǹṣì àti irin gbọọrọ sí, ọkùnrin ló kún ibẹ̀. Mo wá sọ fún kóòṣì pé mo fẹ́ kó kọ́ mi ní bench press, ìyẹn kéèyàn dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kó máa ti irin sókè láti àyà, ó ní "Àǹtí, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fáwọn bọ̀ọ̀dá jàre, àyà yín á lọ di ti ọkùnrin." Àǹtí kan tó dúró tì mí náà dá sí i, ó ní òun ò lè jẹ́ kí ọmú òun gbẹ torí jíìmù, pé ẹni tí ò tíì bímọ bíi tèmi gan-an ló yẹ kó sá fún un jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Mi ò lè ṣe push-up ẹyọ kan ṣoṣo, kéèyàn dojú bolẹ̀ kó fi ọwọ́ ti ara ẹ̀ sókè yẹn. Tí mo bá gbé sílíńdà gáàsì gun àtẹ̀gùn ilé wa, apá mi á máa gbọ̀n, èjìká á máa ro mí títí dọjọ́ kejì. Mo fẹ́ lágbára lápá òkè, àmọ́ mo tún fẹ́ fọ́mọ lọ́yàn lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Adùnní, o kú ìbéèrè, inú mi dùn pé o bèèrè torí ọ̀rọ̀ ọmú gbígbẹ yìí, àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn abiyamọ.

Jókòó síbi tó o wà yẹn. Fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti tábìlì bí ẹni fẹ́ sún un síwájú, kó o wá fi ọwọ́ òsì kan àyà ọ̀tún ẹ, ní iwájú abíyá. Nǹkan tó ń le tó ń yọ sí ọ lọ́wọ́ yẹn ni iṣan àyà. Egungun ìhà àti egungun àárín àyà ló lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ti na ọwọ́ dé òkè apá. Ọyàn wá jókòó lé e lórí. Ọyàn fúnra ẹ̀, ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀ àti àwọn ibi tó ń ṣe omi ọyàn àti àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e dúró, kò sí iṣan kankan nínú ẹ̀ tó o lè fi irin kọ́. Torí náà kó o gbé irin láti àárọ̀ dalẹ́, ọyàn ò ní tìtorí ẹ̀ gbẹ, kò sì ní tìtorí ẹ̀ tóbi. Iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń lágbára.

Ní ti omi ọyàn, họ́mọ̀nù ló ń ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní prolactin, bí ọmọ bá ṣe ń mu tó ni ara ṣe ń ṣe òmíràn. Bench press ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Àwọn abiyamọ tó ń ṣeré ìdárayá déédéé, omi ọyàn wọn kì í dínkù, ọmọ wọn náà ń dàgbà dáadáa.

Mo tún fẹ́ sọ èyí torí àwọn kan á máa sọ òdìkejì ẹ̀ fún ọ, pé ti àyà á jẹ́ kí ọmú tó ti sọ̀ kalẹ̀ padà gbé sókè bíi ti ọmọge. Irọ́ nìyẹn náà. Ọjọ́ orí, oyún, kéèyàn máa sanra kó tún máa rù, àti sìgá mímu, àwọn yẹn ló ń mú ọmú sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ díẹ̀ lè wà nínú bó ṣe máa rí lójú tí iṣan abẹ́ ẹ̀ bá ki sí i téèyàn sì ń nàró dáadáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyẹn gbowó lọ́wọ́ yín.

Ìyá_Tọ́lá:
Nọ́ọ̀sì, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n tèmi dínkù! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ jíìmù, kọ́mú mi tó fún mọ́ mi tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú, mo wá fi gbogbo ti àyà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ìyá Tọ́lá, mo gbà pé ó dínkù, mi ò jà yín níyàn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, ṣé àyà nìkan ni kọ́mú yẹn ti tú ni, àbí yẹ̀rì àti ṣòkòtò náà tú? Ṣé ẹ dín oúnjẹ kù nígbà yẹn?

Ìyá_Tọ́lá:
Hmm. Mo dín ẹ̀bà kù, mo sì ń sáré láàárọ̀. Ṣòkòtò náà tú lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ọ̀rá ara ló lọ nìyẹn, ma. Ọ̀rá sì pọ̀ nínú ọyàn, kò lè kù síbẹ̀ nígbà tí ti ikùn àti itan ń lọ. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fọwọ́ mọ́ ti ìdí nìkan, tẹ́ ẹ sáré, tẹ́ ẹ sì dín oúnjẹ kù, bó ṣe máa rí náà nìyẹn. Iṣan tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn lẹ pàdánù.

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Ẹ̀yin sìstá mi, iṣẹ́ mi lẹ̀ ń sọ yìí, obìnrin sì ni mò ń kọ́ jù. Ọ̀rọ̀ pé àyà obìnrin á di ti ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ ká fà á tu tegbòtegbò.

Ohun tó ń jẹ́ kí iṣan ọkùnrin tètè wú ni họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ testosterone, ti ọkùnrin tó ti bàlágà sì ju ìlọ́po 10 tiwa lọ. Àwọn tó ní in tó bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ bi wọ́n bóyá ó yá wọn lára, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń gbé irin, wọ́n ń wá ẹyin àti ẹran jẹ lójoojúmọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ń sunkún pé àyà àwọn ò yọ. Ṣé ìwọ tó o fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló máa jí lọ́jọ́ kan tó o máa rí i pé àyà ẹ ti di pẹrẹsẹ? Kò lè ṣẹlẹ̀. Ohun tó o máa kọ́kọ́ rí ni pé wàá ti ilẹ̀kùn tó wúwo láìfi ara gbún un, wàá gbé báàgì sókè nínú bọ́ọ̀sì láìbẹ ẹnikẹ́ni, gáàsì tó o sọ yẹn á dẹ̀rọ̀.

Ẹ sì wolé ara wa wò ná. Powerlifting, ìdíje irin gbígbé ti àwọn akàǹdá ẹ̀dá ní Paralympics, nǹkan ẹyọ kan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, bench press ni, kò sí squat, kò sí gbígbé látilẹ̀. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á sọ irin kalẹ̀ sáyà, irin gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí àyà ná, wọ́n á wá tì í padà títí apá méjèèjì á fi nà tán lẹ́ẹ̀kan náà, adájọ́ mẹ́ta ló sì ń wò wọ́n. Ta ló ń kó góòlù níbẹ̀? Obìnrin Nàìjíríà! Lucy Ejike gbé kílò 142 ní Rio lọ́dún 2016. Latifat Tijani gbé kílò 107 ní Tokyo, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀rí àwọn tí ìwọ̀n wọn ò ju kílò 45 lọ ló wà, tó túmọ̀ sí pé ohun tó ju ìlọ́po méjì ara ẹ̀ ló tì kúrò láyà. Folashade Oluwafemiayo gbé 151 ní Tokyo, ó padà lọ sí Paris lọ́dún 2024 ó gbé 167. Onyinyechi Mark náà gbé 150 ní Paris yẹn. Kílò 167 ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ o, lórí àyà obìnrin, tó tún tì í sókè. Tí orílẹ̀-èdè kan bá wà láyé tí kò yẹ kí kóòṣì ẹ̀ máa sọ fún obìnrin pé bench press kì í ṣe tiwọn, Nàìjíríà ni. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, torí àwọn obìnrin yìí ti jà fún wa kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ṣì máa fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú wa dé.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Peckham:
Kóòṣì, ẹ ṣé, orí mi wú bí mo ṣe ń kà á.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Ọ̀rọ̀ ọmú gbígbẹ yẹn, ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ gbà á gbọ́ dénú. Ojú ló ń lé wa kúrò nídìí bẹ́ǹṣì. Kéèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ya ẹsẹ̀, kí àyà wà lókè, kí ọkùnrin méjì mẹ́ta dúró yí i ká tí wọ́n ń dúró de bẹ́ǹṣì, kí ẹnìkan tí o ò pè wá sọ pé "jẹ́ kí n bá ẹ tún un ṣe" kó sì ti gbọ́wọ́ lé ẹ lára kó o tó fèsì. Lọ́ndọ̀nù ni mo wà o, nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ níbí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ti ìdí tá à ń ṣe, a lè dojú kọ ògiri ṣe é, tàbí ká wà lórí ẹ̀rọ níbi igun kan. Ti bẹ́ǹṣì ò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo wá wákàtí tí èrò ò pọ̀, ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀ ló dáa jù níbi tí mò ń lọ, mo sì máa ń fa bẹ́ǹṣì lọ síbi tí orí mi á fi kọjú sí ògiri, kò ní sáàyè fẹ́nikẹ́ni láti dúró lé mi lórí. Àwọn ibi ìdárayá ìjọba ìbílẹ̀ kan níbí máa ń ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fóbìnrin nìkan, ẹ bèèrè. Nílé náà, ẹ̀yin obìnrin márùn-ún mẹ́fà lè para pọ̀ lọ bá onílé jíìmù pé kó ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún yín, owó yín náà ló ń gbà, kò ní fẹ́ kẹ́ ẹ kó lọ síbòmíì. Ẹ ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò kó má baà ká sókè tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró tì yín láti gba irin, ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ẹ̀ máa wà. Tó bá jẹ́ irin gbọọrọ, abẹ́ irin lọwọ́ ẹ̀ máa wà, kò kan ara yín rárá. Tó bá jẹ́ dọ́mbẹ́ẹ̀lì, irin kékeré tá a ń fi ọwọ́ kan gbé, ọrùn ọwọ́ yín ló máa dì mú. Ẹni tó bá ní abẹ́ abíyá tàbí ẹ̀gbẹ́ àyà lòun máa gbá mú, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Ọmọ Ẹ̀gbá, ibi tọ́rọ̀ wà lo fọwọ́ bà yẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń kà á, ẹ jẹ́ kí apá tó kẹ́yìn yẹn wà lọ́kàn yín, kóòṣì tó mọṣẹ́ á béèrè kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Bàbá_Ìbejì_Abẹ́òkúta:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọkùnrin dá sí i. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ti àyà, èmi ni mo sì ń dúró tì í. Nígbà tó sọ fún mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mi ò ní bínú. Ó yà mí lẹ́nu pé ó rò pé ó yẹ kóun tọrọ àyè lórí nǹkan tó ń fún un lókun. Àwọn ìbejì wa wúwo, òun ló ń gbé wọn jù, ẹ̀yìn àti èjìká ló máa ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹnu yín nílé ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ má sọ pé "ṣé o fẹ́ di ọkùnrin ni", ẹ bá a tọ́jú ọmọ kó ráyè lọ.

Ummu_Ìlọrin:
As-salaamu alaykum. Èmi kì í lọ jíìmù, ilé ni mo ti ń ṣe tèmi, torí jíìmù tó wà nítòsí wa, tọkùnrin tobìnrin ló jọ ń lò ó, mi ò sì fẹ́. Ẹ má rò pé ẹni tí ò rí bẹ́ǹṣì kò lè ṣe ti àyà.

Ògiri ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn díẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sára ògiri lọ́gangan àyà, mo rọra tẹ̀ síwájú títí imú fi sún mọ́ ògiri, mo ti ara mi padà. Nígbà tíyẹn rọrùn, mo bọ́ sórí pèpéle kíṣìnnì, lẹ́yìn náà àga tí mo fẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri kó má yọ̀, kí n tó wá délẹ̀. Bí ohun tẹ́ ẹ tẹ́wọ́ lé bá ṣe ń lọlẹ̀ ni ara yín á ṣe máa wúwo sí i. Ìdí àti ikùn gbọ́dọ̀ wà ní gbọọrọ, ẹ má jẹ́ kí ìdí yọ sókè tàbí kí ikùn já wálẹ̀. Fídíò pọ̀ lórí YouTube, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é wéréwéré yẹn ẹ má wò wọ́n.

Adùnní_Bódìjà:
Ẹ̀gbọ́n Ummu, ṣé ti orí eékún kọ́ ló yẹ kí n ṣe? Òun ni kóòṣì ní obìnrin ń ṣe.

Ummu_Ìlọrin:
Ó dáa náà, kò burú, àmọ́ èmi rí i pé mo pẹ́ lórí ti eékún tí mi ò sì lè délẹ̀. Ti pèpéle ló gbé mi débẹ̀, torí gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ nílẹ̀.

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Òótọ́ lẹ sọ. Mo tún fi èyí kún un, Adùnní: lẹ́yìn tó o bá ti ṣe ti pèpéle tán, lọ sílẹ̀, nà gbọọrọ, kó o wá rọra máa sọ̀ kalẹ̀, kó o máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kí àyà tó kanlẹ̀. Má wulẹ̀ tì í padà, fi eékún dìde, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Iṣan máa ń lágbára láti inú sísọ̀ kalẹ̀ yẹn náà. Ní ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ́, ibẹ̀ ni push-up àkọ́kọ́ ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà_Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ti kọjá ọjọ́ orí ẹni tó ń ronú nípa bí ọmú ṣe rí lójú èèyàn. Dókítà ló sọ fún mi pé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, egungun obìnrin máa ń tètè fúyẹ́ torí họ́mọ̀nù estrogen ti lọ sílẹ̀, pé kí n máa gbé nǹkan wúwo díẹ̀díẹ̀, kí n má kàn máa rìn nìkan. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣubú nílé ìwẹ̀, kò ṣèṣe púpọ̀, àmọ́ kò lè fọwọ́ ti ara ẹ̀ dìde, ilẹ̀ yẹn ló wà títí ọmọ ọmọ ẹ̀ fi tiléèwé dé. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ti ògiri láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, mo ti dé orí tábìlì báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì kéré, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ dàgbà bíi tèmi.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Màmá, ẹ pẹ́ fún wa ma. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi síta lọ́dún 2020 náà nìyẹn, pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń fún iṣan lókun, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, gbogbo iṣan ńláńlá sì ni wọ́n sọ, wọn ò ní kóbìnrin yọ àyà sílẹ̀.

Adéọlá_Alágbára:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ní kí n dá sí i. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gé ọyàn òsì kúrò torí jẹjẹrẹ. Nígbà tí mo délé, gbogbo ẹbí ló ń sọ pé n ò gbọdọ̀ gbé nǹkankan mọ́ láyé, nǹkan kékeré pàápàá, mo máa ń ní kí wọ́n bá mi gbé e. Físíò tó tọ́jú mi, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, ló tún mi kọ́. Ó ní tẹ́lẹ̀ rí àwọn dókítà náà máa ń kà á léèwọ̀ torí ẹ̀rù pé apá á wú, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó fúyẹ́ gan-an, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, tí wọ́n sì ń mójú tó apá yẹn, ó ń ṣèrànwọ́ ni. Kí n tó lè gbé ọwọ́ òsì débi irun mi ó gba sùúrù. Ní báyìí mo ń ti dọ́mbẹ́ẹ̀lì kéékèèké sókè lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá wà nírú ipò mi, ẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà àti físíò, àmọ́ ẹ bèèrè. Ẹ má kàn jókòó.

Ìyá_Tọ́lá:
Sìstá mi, Olúwa á máa fún yín lókun. Omi bọ́ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Àmín o. Mo sì fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ èyí: tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ti àyà, ara á ro yín lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abíyá àti òkè àyà. Ìyẹn á lọ fúnra ẹ̀. Kókó tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn nínú ọyàn, tàbí awọ tó sun kì, tàbí orí ọmú tó wọlé lójijì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíìmù, ẹ gba ọsibítù lọ.

Títí_Onídìrí:
Ọ̀rọ̀ tèmi kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ ń sọ, àmọ́ á ràn yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé bẹ́ǹṣì lẹ fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ sọ fún onídìrí kó má di irun jọ sí ìpàkọ́. Tí kókó irun bá wà lẹ́yìn orí, orí ò ní lè sinmi lórí bẹ́ǹṣì, ọrùn á wà lókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀yin á rò pé bench press ló ń dun yín lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ dì í sókè tente.

Bísí_Olómún:
Tèmi tóbi gan-an, kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ wa. Tí mo bá sọ irin kalẹ̀, orí ọmú ló ń bà sí, ó ń dùn mí, pàápàá tí nǹkan oṣù mi bá ti ń sún mọ́lé. Kí ni kí n ṣe?

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Bísí, o ṣé tó o bèèrè, torí ọ̀pọ̀ ló ń tìtorí ẹ̀ sá tí wọn ò lè sọ ọ́. Kọ́mú eré ìdárayá tó gbá àyà mọ́lẹ̀ dáadáa ló kọ́kọ́, kó ní okùn tó fẹ̀ lẹ́yìn, kó má ní irin lábẹ́, kí ojúùràn ẹ̀ má wà níbi tí irin máa bà sí. Gbìyànjú kí irin bà sí ìsàlẹ̀ ọmú, má jẹ́ kó wá sí apá ọrùn. Àmọ́ kò pọn dandan kó jẹ́ irin gbọọrọ, dọ́mbẹ́ẹ̀lì dáa jù fún ọ, torí ó máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní fọwọ́ ba ọmú. Lọ́sẹ̀ tí ó bá ń dùn ọ́, dúró lórí ìdúró kó o lo rọ́bà tó ń fà tàbí ẹ̀rọ tó ní okùn, o ò ní dùbúlẹ̀ rárá. Má sì gbàgbé ẹ̀yìn, ẹni tí ọmú ẹ̀ wúwo máa ń tẹ̀ síwájú, bó o ṣe ń tì ni kó o ṣe máa fà.

Adùnní_Bódìjà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún yín, mi ò rò pé ó máa pọ̀ tó báyìí. Kóòṣì ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan tó kù, tí mo bá débi bẹ́ǹṣì gan-an, báwo ni kí n ṣe é, mélòó ni kí n gbé?

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Má fi irin gbọọrọ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ jíìmù, kílò 20 ni kó o tó so nǹkankan mọ́ ọn, àwọn jíìmù kan ní ti obìnrin tó jẹ́ kílò 15 àmọ́ kò wọ́pọ̀. Mú dọ́mbẹ́ẹ̀lì kílò 4 tàbí 5 lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Jókòó sétí bẹ́ǹṣì, gbé wọn lé itan, kó o wá rọra dùbúlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ gbọn-in. Fa egungun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì súnmọ́ra kí àyà yọ síta, ibí yìí ni ẹni tó ti ń káwọ́ bo àyà láti kékeré máa ń ṣòro fún jù, torí wọ́n ti kọ́ wa pé ká má yọ àyà. Yọ ọ́. Ìgúnpá ò gbọdọ̀ na tààrà láti èjìká, jẹ́ kó súnmọ́ ìhà díẹ̀. Kí ọrùn ọwọ́ dúró ṣánṣán, má jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn. Fa èémí wọlé bó o ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀, mí síta bó o ṣe ń tì í.

Ṣe 8 sí 12, sinmi bí ìṣẹ́jú méjì, tún un ṣe, lẹ́ẹ̀mẹta. Dúró nígbà tó o mọ̀ pé ó kù bí ẹyọ kan tàbí méjì kí apá má gbé e mọ́. Tí 12 bá ti rọrùn fún ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, gba èyí tó wúwo díẹ̀ sí i. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fi ọjọ́ méjì sáàárín. Tó o bá wá dé orí irin gbọọrọ, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ yí i po, má jẹ́ kó wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ìka yòókù torí irin lè yọ̀ já lé ọ láyà. Má sì dá a ṣe láìsẹ́ni nítòsí. Tó bá wá jẹ́ pé kò sẹ́ni lóòótọ́, má fi kílíìpù tó ń di irin pẹlẹbẹ mú sí i létí, kó o lè da àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí apá bá kọ̀.

Tí kóòṣì yẹn bá tún ní fáwọn bọ̀ọ̀dá ni, sọ fún un pé owó kan náà lẹ jọ ń san.

Abiyamọ_Ọ̀ṣogbo:
Ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, ọmọ mi ṣì ń mu ọyàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé e. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ó dá lórí bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń san, kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wò ọ́ tó o bá padà lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó fúnra ẹ̀ sọ pé o lè bẹ̀rẹ̀. Ògiri ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, má lọ sílẹ̀ ná, torí ti ilẹ̀ máa ń fa ikùn. Tí ojú ọgbẹ́ yẹn bá ń dùn ọ́ tàbí tí nǹkan bá yọ sókè láàárín ikùn bó o ṣe ń ṣe é, dáwọ́ dúró kó o padà sọ fún wọn. Fún ọmọ lọ́yàn tàbí kó o fún un jáde kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí ọmú tó kún máa ń dùn téèyàn bá ń tì. Fi aṣọ mímọ́ tẹ́ inú kọ́mú, tí omi ọyàn bá ń jò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Tó o bá làágùn, nu àyà nù kó o tó gbé ọmọ sí i. Mu omi dáadáa, kó o sì jẹun, má dín oúnjẹ kù lásìkò yìí.

Abiyamọ_Ọ̀ṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an ma. Ọ̀sẹ̀ kẹfà kù díẹ̀, màá bi wọ́n níbẹ̀.